Ẹ Má Ṣe Fi Abẹ Kan Ahọ́n Àkàndé

Ilé Ahunṣọ,
Ẹ̀yìn Ọjà Ọba,
Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Fọlákẹ́ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ tí mo bí tí inú mi dùn,

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun tí ìjọba fi ọ́ sí ní Ìlọrin. Ọmọ tó fi òógùn ojú kàwé, tó gbé ọmọ kékeré lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó lè parí ẹ̀kọ́, tí ẹkún kò sì dá padà lójú ọ̀nà, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ń bí tí a fi ń gbé orí sókè láàrin ẹgbẹ́. Mo kí ọkọ rẹ pẹ̀lú. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń pọn omi fún ìyàwó rẹ̀ tí kò wo ojú ẹni tó ń wò ó kò wọ́pọ̀. Ọlọ́run tó so yín pọ̀ yóò jẹ́ kí ẹ fi ewú orí yín ṣe ẹ̀rín fún ara yín.

Lánàá ni dírẹ́bà fi lẹ́tà rẹ lé mi lọ́wọ́. Mo ka ojú ewé kìíní, mo dìde, mo jó yí òfì mi ká. Mo wá ka ojú ewé kejì. Fọlákẹ́, n kò mọ ìgbà tí mo jókòó. O kọ ọ́ pé ní Sátidé yìí ẹ ń bọ̀ wá mú Àkàndé, pé kí ẹ tó padà sí Ìlọrin, ẹ ó yà sí Ìgbẹ́mọ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ, nítorí pé ìyá ti bá olóòlà kan sọ ọ́, yóò gé okùn abẹ́ ahọ́n ọmọ náà, kí ó lè sọ̀rọ̀. O kọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé a ó yà ra iṣu lójú ọ̀nà.

Kánkán ni mo ń kọ èyí, nítorí náà bí àmì ọ̀rọ̀ mi kò bá dọ́gba, má ṣe bínú.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fà á. Ọmọ tó ti lé ní ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ tí kò tíì pe ìyá, tí kò pe bàbá, àrùn ọkàn ni fún ẹni tó bí i. N kò sì ní fi àṣẹ ìyá nìkan dá ọ dúró. Ẹ̀là lọ̀rọ̀, bí a kò bá là á, kì í yé ni. N ó là á fún ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe tèmi ni n ó sì fi ṣáájú, kí o má baà rò pé mo jókòó sórí àga adájọ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. O mọ bí mo ti ń wẹ ọmọ. Bí ìyá mi ti wẹ̀ mí ni mo ti wẹ̀ yín: omi gbígbóná, ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn tuntun tó le dáadáa. A ó ha ara ọmọ títí yóò fi pọ́n, a ó na apá, a ó na ẹsẹ̀, a ó jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí ó má baà ṣojo. Bí mo bá sì ń wẹ ọmọ, mo ń kì í. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fi fún mi ni ohùn. Ohùn tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè láti Ìkẹ́rẹ̀ dé Ìyìn bí wọ́n bá fẹ́ kí ìyàwó sunkún kí ó tó kúrò nílé bàbá rẹ̀, ohùn náà ni mo gbé sí etí Àkàndé láràárọ̀. Mo gbà pé bí a bá ń ki ọmọ dáadáa, orí rẹ̀ yóò jí, ọ̀rọ̀ yóò sì jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ náà a máa ké bí ẹni tí iná jó. A máa sọ orí mọ́ àyà mi, a máa bù mí lọ́wọ́ jẹ. Èmi á tún gbé ohùn sókè sí i. Aládùúgbò wa, Ìyá Ẹlẹ́pà, á pariwo láti ojú fèrèsé rẹ̀ pé, “Ìyá Bọ̀dé, ṣé ọmọ ni ẹ ń wẹ̀ ní ulé yìí ni, àbí ewúrẹ́ ni ẹ ń bó?” Gbogbo agboolé á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mo ní agídí ni. Mo ní bí ọmọ yìí ti lágbára tó yìí, jagunjagun ni yóò dà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, olùkọ́bìnrin kan wọlé láti wá gba kíjìpá tó ní kí n hun fún bàbá rẹ̀. Ní àdúgbò Adébáyọ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí etí wọn wúwo. Ó bá wa lẹ́nu ìwẹ̀ náà. Kò béèrè aṣọ rẹ̀ mọ́. Ó dúró, ó ń wo ọmọ, kò wo èmi rárá. Nígbà tí mo ṣe tán, Àkàndé sáré lọ há ara rẹ̀ mọ́ àárín òfì àti ògiri, níbi tó máa ń wọ̀ sí, ó fa kíjìpá tó wúwo bo orí. Mo sọ fún olùkọ́ náà pé ẹ̀rù ń bà mí pé adití ni, nítorí bí mo bá pè é, kì í wẹ̀yìn. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta kí ó lè rí i, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n lè gbọ́ lọ́jà. Ọmọ kò mira.

Olùkọ́ náà yọ súìtì kan nínú àpò rẹ̀, ó lọ sẹ́yìn òfì, ó sì fi ìka méjì rún bébà súìtì náà díẹ̀, díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èmi tí mo wà nítòsí kò fi gbọ́. Àkàndé ṣí kíjìpá lórí, ó wẹ̀yìn, ó ń wá a.

Fọlákẹ́, ọmọ náà gbọ́ ọ.

“Màmá,” ni obìnrin náà wí, “etí ọmọ yìí ń gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó ń gbọ́ ju tiwa lọ.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Ó ní ṣé ọmọ yìí máa ń fọwọ́ di etí bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ ìlọta? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kì í fẹ́ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ yanrìn, tí ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó máa ń jẹ ọrùn ẹ̀wù títí tí yóò fi ya? Gbogbo ẹ̀wù rẹ̀ ni. Ṣé ohun jíjẹ kan ṣoṣo ló ń bèèrè fún, tí ó ń pọ ohun tó bá ń yọ̀? Ṣé ó máa ń yí ara rẹ̀ po bí òkòtó tí òòyì kì í kọ́ ọ? Ó dà bí ẹni tó ti ń bá wa gbé láti ọdún mẹ́ta. Gbogbo ohun tí mo ti pè ní ìwà burúkú ni obìnrin yìí ń kà sílẹ̀ bí ẹni ń ka ibi tó ń dun ni.

Báyìí ló ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní ohun tí a rí, tí a gbọ́, tí ó kàn wá lára, tí a tọ́ wò, ọ̀dọ̀ ọpọlọ ni gbogbo wọn ń lọ, ọpọlọ ló sì ń tò wọ́n: èyí ṣe pàtàkì, èyí kò ṣe pàtàkì. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tí gbogbo rẹ̀ ń wọlé fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú agbára kan náà. Èmi tí mo jẹ́ ahunṣọ, ó yé mi lọ́gán. Bí ẹnìkan bá da òwú igba lé mi lọ́wọ́ ní wíwọ́, n kò lè hun ìka aṣọ kan. Ó ní ọmọ tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ sá fún ariwo àti fún ohun tó ń ha á lára, kò ní àyè tí yóò fi tẹ́tí sí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò sì rí ọ̀nà wọlé, báwo ni yóò ṣe jáde? Ó bi mí pé bí wọ́n bá ń fi kànìnkànìn ha mí lára, tí wọ́n tún ń ké sí mi létí, ṣé mo lè kọ́ orin tuntun nínú ìyẹn. Mo ní rárá. Ó ní, “Àkàndé náà kò lè kọ́ ọ, Màmá.”

Kò ṣe bí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan, mo sì yìn ín fún ìyẹn. Ó ní kí a gbé e lọ sí ọsibítù kí dókítà yẹ etí rẹ̀ wò síbẹ̀síbẹ̀, nítorí ohun tí òun rí kò tó láti fi búra. A ti lọ. Etí rẹ̀ pé. Dókítà náà wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀ pẹ̀lú, ó ní okùn rẹ̀ kò kúrú, kò fà, ahọ́n náà ń dé ibi tó yẹ kó dé. Fọlákẹ́, gbọ́ mi dáadáa níbí: okùn tí ẹ fẹ́ gé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Wàyí o, ìmọ̀ràn mi nìyí.

Èkínní, ti ìwẹ̀. Mo ti ju kànìnkànìn sẹ́yìn ilé. Aṣọ àtijọ́ tó ti rọ̀ ni mo fi ń wẹ̀ ẹ́. Mo máa ń sọ fún un kí n tó fọwọ́ kàn án: “Àkàndé, ẹsẹ̀ ló kàn.” Ẹsẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí. Kí o sì mọ ohun kan tó yà mí lẹ́nu: fífi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ kàn án ló ń yọ ọ́ lẹ́nu jù. Bí o bá fi àtẹ́lẹwọ́ mú un ṣinṣin, pẹ̀lú ìfẹ́, ara rẹ̀ a rọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń wọ abẹ́ kíjìpá. Mo ti hun ọ̀kan tó wúwo fún un. Má ṣe rò pé ooru yóò pa á. Ìsinmi rẹ̀ ni. Súẹ́tà olówùú gígún tí bàbá rẹ̀ rà, ẹ dákun, ẹ fi fún ọmọ ẹlòmíràn.

Èkejì, ti oúnjẹ. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n n ó kọ ọ́. Mo rọ ọmọ yìí. Mo tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ mi, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀kọ mímu sí i lẹ́nu, mo fún imú rẹ̀ kí ó lè gbé e mì, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti ń ṣe é. Mo rọ ìwọ náà bẹ́ẹ̀, o sì yè. Èyí ni mo fi ń dá ara mi láre. Olùkọ́ náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń jẹun ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń sọ̀rọ̀. Ahọ́n tó ń yí oúnjẹ sọ́tùn-ún sósì ló ń kọ́ bí yóò ti gbé ọ̀rọ̀. Ọmọ tí a ń da nǹkan sí lọ́fun pẹ̀lú tipátipá yóò fi ẹnu rẹ̀ ṣe ìlẹ̀kùn tó tì pa. Àbí ìwọ, ta ni yóò ṣí ìlẹ̀kùn fún ẹni tó ń fọ́ ọ wọlé? Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní báyìí, a jọ ń jókòó ni. Iṣu sísun ló fẹ́ràn, èyí tó gbẹ lẹ́yìn. Jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Bí o bá se ilá, gbé díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ó máa wò ó, kí ó gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ó fọwọ́ kàn án bí ó bá wù ú. Má ṣe tì í sí i lẹ́nu. Ó ti fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ mi. Mo dúpẹ́.

Ti ilé ìjọsìn ńkọ́? O rántí pé ní ọjọ́ tí wòlíì wa lu agogo àdúrà lórí Àkàndé, ọmọ náà bu wòlíì jẹ, wọ́n sì ní ẹ̀mí kan ló bínú. Èmi alára ṣe àmín sí i. Mo ti padà lọ bá wòlíì. Èèyàn Ọlọ́run ni, kò gbéra ga. Mo ní kí ó fi agogo sílẹ̀, kí ó gbàdúrà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó gbà á bẹ́ẹ̀, ọmọ náà sì sùn lé e lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá mú un dé Ìlọrin, ẹ wá ilé tí kò sún mọ́ ẹ̀rọ ìlọta, tí kò sì sí jẹnẹrétọ̀ lójú fèrèsé rẹ̀. Ilé ìwé tí ẹgba ti ń sọ̀rọ̀ ju olùkọ́ lọ, ẹ má ṣe mú un débẹ̀. Olùkọ́ náà ti kọ ìwé tí ẹ ó mú dání. Inú àpò ẹ̀wù Àkàndé ni n ó fi sí.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù nínú ohun tó kan èmi fúnra mi. Olùkọ́ náà ní, “Màmá, oríkì yín dára. Ẹ gbé e wálẹ̀.” Inú bí mi, Fọlákẹ́. Èmi tí àwọn ọba ti fi ìlẹ̀kẹ̀ lé lọ́rùn nítorí ohùn, ọmọ àná wá ń kọ́ mi bí a ti ń ki ọmọ. Mo fún un ní kíjìpá rẹ̀, n kò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá a jà nínú ọkàn mi. Ní ọjọ́ kẹrin, mo jókòó nídìí òfì, mo yí ẹ̀yìn sí ọmọ náà, mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá òwú sọ̀rọ̀: “Àkàndé ọmọ ahunṣọ, ọmọ olówùú funfun tó kún àká.” Gbólóhùn kan péré. Mo dákẹ́. Ọ̀tún mi, òsì mi, kò sí ohun kan. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá fi ẹ̀yìn ti orúnkún mi, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí o ti fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Gbogbo ọdún tí mo fi ń kì í, ohùn mi ló ń sá fún.

Nítorí náà, sọ̀rọ̀ fún un ní díẹ̀díẹ̀. Sọ ọ́ ní kúkúrú. Kí o wá dákẹ́, kí o dúró dè é. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ni iṣẹ́ tó le jù tí mo ti ṣe láyé.

Mo wá dé ibi tí ọkàn mi ti ń sá fún láti ìgbà tí mo ti mú kálàmù. Ẹ̀gbọ́n rẹ, Bọ̀dé.

O kò tíì dáyé nígbà náà. Bọ̀dé pé ọmọ ọdún mẹ́rin, kò sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni mí, àwọn obìnrin ilé ń fọ̀rọ̀ gún mi lára. Wọ́n ní ẹnu tí èmi ń fi ki ọmọ ọlọ́mọ ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ tèmi. Bàbá rẹ ní kí a ní sùúrù. Èmi ni mo ní kí wọ́n pe olóòlà. Èmi ni mo fi itan mi méjèèjì há orí ọmọ mi, tí mo fi ọwọ́ la ẹnu rẹ̀. Wọ́n gé okùn náà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kún aṣọ mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá. Fọlákẹ́, kò sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, kò sọ̀rọ̀ ní oṣù náà. Ó lé ní ọdún kan kí ó tó sọ gbólóhùn àkọ́kọ́, ní àkókò tirẹ̀. Èmi sì ń sọ fún gbogbo ayé pé abẹ ló là á lẹ́nu. Irọ́ ni. Mo pa irọ́ náà títí tí èmi fúnra mi fi gbà á gbọ́.

Bọ̀dé tí kì í jókòó láàrin àwùjọ. Bọ̀dé tó dúró sẹ́yìn ilé ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ, tí mo bá a wí lójú àwọn àna wa, tí mo pè é ní agbéraga. Bọ̀dé tó yan iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Ìkẹ́rẹ̀, tó ń ṣe é ní òun nìkan. Nígbà tí olùkọ́ náà ń ka àwọn àmì wọ̀nyẹn sílẹ̀ lórí Àkàndé, lójijì ni mo rí i pé ọmọ mi àkọ́bí náà ló ń kà. Ọgbọ̀n ọdún ó lé.

Mo ránṣẹ́ pè é. Ó wá ní ọjọ́ Àìkú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń fi ìka yẹ ẹsẹ̀ òfì mi wò bóyá ó ti ń jẹrà. Ó wá ní, “Màmá, mo rò pé bó ṣe ń rí lára gbogbo èèyàn nìyẹn, pé àwọn yòókù kàn lágbára jù mí lọ ni.”

Mo bi í bóyá ó rántí abẹ náà.

Ó ní, “Mi ò rántí abẹ. Ọwọ́ yín ni mo rántí.”

N kò lè kọ jù báyìí lọ lónìí.

Ọjọ́bọ̀.

Mo tún gbé kálàmù. Mo ti rí dírẹ́bà tó ń lọ sí Ìlọrin. Ó ní kí n tètè parí rẹ̀, òun yóò fi lé ọ lọ́wọ́ kí ọkọ̀ òun tó wọ gáréèjì.

Ìyá ọkọ rẹ, obìnrin iyì ni. Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ tó ń fi ránṣẹ́ sí mi lọ́dọọdún kò ní òkúta kan nínú. Ẹni tó lè fi sùúrù yan òkúta bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òǹrorò. Ohun tí èmi ṣe nígbà èwe mi ló fẹ́ ṣe, pẹ̀lú ìfẹ́ kan náà. Má ṣe bá a jiyàn, má ṣe fi ìwé tí o kà bú u. Sọ pé èmi ni mo kọ̀. Ẹ̀bi náà, ẹrù tèmi ni. Lọ́la, kí ẹ tó dé, èmi àti Bọ̀dé ni a ó jọ lọ sí Ìgbẹ́mọ. Mo ránṣẹ́ ohun tó wà nínú lẹ́tà rẹ sí i, òun ló sì sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Bọ̀dé tí kì í wọ ilé onílé ní òun yóò jókòó níwájú ìyá, òun yóò la ẹnu òun, kí ìyá lè rí àpá náà. N kò rọ̀ ọ́ láti ṣe é.

Ọkọ rẹ náà, jẹ́ kí ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó ṣẹ̀ tí Ọlọ́run fi ọmọ yìí jẹ níyà. Ọmọ yín pé. Ọ̀nà tí ayé ń gbà wọlé sí i lára ló gbòòrò jù. Iṣẹ́ náà yóò pẹ́. Mìíràn nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò sọ̀rọ̀ láìpẹ́, mìíràn yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, olùkọ́ náà kò sì fi èyíkéyìí ṣèlérí fún mi. Èmi náà kò ní fi ṣèlérí fún ọ.

Ṣùgbọ́n n ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ yìí, kò sì sí ẹlẹ́rìí àfi Ọlọ́run. Mo ń wẹ̀ ẹ́. Mo ti wẹ ẹsẹ̀, mo ti wẹ ẹ̀yìn, mo dé ọrùn. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ mi. Kò ké, kò bù mí jẹ. Ó wò mí lójú, ó sì sọ ọ́ kedere bí àgbàlagbà: “Ó tó.”

Mo ta gìrì, Fọlákẹ́. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi sínú omi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ láyé nìyẹn, èmi ni ó sì sọ ọ́ sí. Mo gbé e kúrò nínú ọpọ́n pẹ̀lú ọṣẹ lọ́rùn. Kò tíì sọ òmíràn láti àárọ̀, n kò sì bèèrè.

Ahọ́n tó lè sọ ìyẹn wà lẹ́nu ọmọ rẹ. Ẹ wá mú un ní Sátidé. Ẹ gba ọ̀nà ibòmíràn bí ẹ bá ń lọ.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń kọ́ bí a ti ń dákẹ́,
Ìyá Bọ̀dé.